Ohùn Tó Pe Gáàdì Lẹ́yìn Àpáta

N kò fi ojú ara mi rí Ọ̀fun rí. Orí ẹní ni mo ti mọ̀ ọ́n, nínú yàrá wa ní Ṣómólú, láàárín ìdì bébà tí ìyá mi ń bá àwọn atẹ̀wé dì ní ìwé. Bàbá mi a to ìdì bébà lé ara wọn ní apá ọ̀tún, a pè é ní òkè. A to òmíràn ní apá òsì, a sì fa òwú ìdìwé gba àárín wọn kọjá. Òwú náà ni ojú irin. Ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà lára ẹní ni odò. "Àpáta nìyí," ni yóò wí, "omi nìyí. Àwa wà láàárín bí ẹran tó há sí eyín." Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló sọ ibẹ̀ ní Ọ̀fun, nítorí pé ó lè gbé ọkọ̀ mì nígbà tó bá wù ú. Ó wà ní òkè Ọya, níbi tí odò kan ti la àpáta kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé odò ńlá.

Gáàdì ni bàbá mi lórí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Awakọ̀ wà níwájú nínú ẹ́ńjìnì. Gáàdì wà nínú wágọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn pátápátá, òun pẹ̀lú bíréèkì, àsíá àti fìtílà rẹ̀. Gbogbo ẹ̀pà, òwú àti awọ tó ń bọ̀ wá sí èbúté Èkó wà láàárín wọn. Ọkọ̀ náà gùn débi pé fèrè ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Ọ̀fun nìkan ni wọn kì í ti í fọn ọ́n. Nígbà òjò, omi a máa wọ inú ẹ̀là àpáta, ilẹ̀ tó di òkúta mú a rọ̀, wọ́n sì gbà pé ariwo kékeré ti tó láti já a sílẹ̀. Awakọ̀ a dẹ ìrìn, ọkọ̀ a máa yọ́ lọ bí ológbò. Bàbá mi a yọ orí síta, a tẹ́tí sí òkè. "Òkúta kì í ṣàdédé já," ni ó máa ń wí fún wa. "Yóò kọ́kọ́ wúkọ́."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà pé n kò gbọ́kàn lé gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ju ọ̀rọ̀ òjò lọ, àti bí a ṣe tò fún mílíìkì tí kò kàn wá. Nípa bàbá mi, n kò kọ nǹkan kan. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni èyí tí mo rántí àti èyí tí ìyá mi rántí, àwọn méjèèjì kò sì bára mu ní ibi tó yẹ kí wọ́n ti bára mu jù lọ.

Àkókò náà ni àwọn sójà ń kọ́ wa ní títò. A ń tò fún ọṣẹ, a ń tò fún ọkọ̀ ní Fádèyí, kòbókò sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ wa. Wọ́n ti ti yunifásítì pa nítorí ìfẹ̀hónúhàn wa, mo sì padà wá sílé wá bá ìyá mi di ìwé. Èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn, tí mo sì gbà pé mo mọ bí a ṣe ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹlẹgbẹ́ bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́ gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá wa. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó," ni ìyá mi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ó dúró ṣánṣán.

Ó ní òkè já ní Ọ̀fun. Òkúta kan tó tóbi ju ilé tí a ń gbé lọ bọ́ sójú irin níwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì gùn ún, ó yẹ̀, ó wọ odò, ó sì fa àwọn wágọ́ọ̀nù iwájú lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí òkè tún fi já lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbá àwọn ti ẹ̀yìn lọ. Wọ́n ti rí òkú awakọ̀ àti ti igbákejì rẹ̀. Wọ́n rí wágọ́ọ̀nù gáàdì pẹ̀lú. Ó ti fọ́, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn kò rí gáàdì.

"Wọn kò rí i," ni ìyá mi tún sọ, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

"Odò náà kún, ìyàwó wa. Ohun tó bá gbé, kì í dá a padà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Abúlé Òkúta nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé, ti dé pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ̀wé tó wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa gòkè wá, yíǹkì ní gbogbo èékánná rẹ̀. Níbòmíràn, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé wá fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní òpópónà tiwa, pósítà ni. Ìdílé tí òkú bá kú fún, atẹ̀wé tó bá súnmọ́ wọn jù ni yóò tẹ ìkéde òkú náà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí ó bá kọ̀, àdúgbò kò ní gbàgbé. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn bàbá mi. Ó ti na ọwọ́ sí fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri, èyí tó yà nínú kóòtù rélùwéè, kí ìyá mi tó rí i.

"Ẹ dúró ná," ni ìyá mi wí. "A kò tíì rí òkú."

"Màmá, ẹ gbọ́ tèmi. Bébà dáradára tó kù sí mi lọ́wọ́ kò ju ìdì kan lọ. Ẹ mọ̀ pé ìjọba kò jẹ́ kí bébà wọlé mọ́. Bí a bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí i, bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà ni n ó fi tẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó tọ́ sí i?"

Ìyá mi kò dáhùn. Atẹ̀wé gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, nígbà tí a óò sì fi jí ní ọjọ́ kejì, bàbá mi ti wà lára ògiri láti Fádèyí dé Bàrígà, ó dijú díẹ̀ sí oòrùn, ọ̀rọ̀ ńlá sì wà lókè orí rẹ̀: Ó DÀÁRỌ̀.

Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Onítẹ̀bọmi ni wá, ó sì yẹ kí ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti lọ, Ìyá Abúlé Òkúta a bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

"Ìyàwó, máa ti ilẹ̀kùn rẹ. Òkú odò kò dà bí òkú ilé. Kò rí ibojì, kò mọ̀ pé òun ti kú. Ilé ló ń wá."

"Ìyá, ìwé kan wà tí mo kà nípa irú ìgbàgbọ́ yìí," ni mo dá sí i.

"Nígbà tí ó bá kan ilẹ̀kùn, kí o kà á fún un."

Ó kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀. N kò ṣe àṣìṣe nípa òjò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ní kò rọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá. A kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń wọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá mi pe ìyá mi, ní orúkọ tí òun nìkan fi ń pè é, tí ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ilé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ ní ilé Yorùbá mọ ohun tó wọ inú yàrá yẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa: bí ohùn bá pè ọ́, tí o kò rí ẹni tó ń pè, má dáhùn. Ẹni tó bá jẹ́ òkú lóhùn, tirẹ̀ ti parí. Ìyá Abúlé Òkúta fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyá mi lẹ́nu. Ohùn náà tún pè. Ìyá mi kò jìjàkadì. Ó kàn dijú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn. Èmi ni."

Nísàlẹ̀, atẹ̀wé gbọ́ ohùn, ó jáde, ó wo òkè àtẹ̀gùn, ó sì figbe ta. A gbọ́ tí ó ṣubú lu korobá.

"Ìwọ atẹ̀wé, padà wá!" ni ohùn náà ké. "Ta ló ní kí o fi èmi lẹ ògiri ní Fádèyí? Obìnrin kan rí mi níbẹ̀, ó ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sá."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni atẹ̀wé dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, "ẹ dákun. Bí ẹ bá ti kú, kí Olúwa bá yín lọ. Bí ẹ kò bá sì tíì kú, ẹ foríjì mí."

"Èwo ni o fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Èyí tó bá ti wù yín ni, sà!"

Ó rẹ́rìn-ín, tàbí ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà, a rí i tí ilẹ̀kùn mì díẹ̀: ó ti fẹ̀yìn tì í, ó ń rọra jókòó sílẹ̀. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fèsì.

"Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀," ni ó wí. "Mò ń gbọ́ èémí yín. Kò burú. Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn."

Ibí yìí ni ìrántí mi àti ti ìyá mi ti pínyà. Ohun tí mo rántí ni pé mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láti inú, débi pé pákó nìkan ló wà láàárín ẹ̀yìn mi àti tirẹ̀. Pé ìyá mi ló tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní "Mò ń bọ̀," tó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi ní irọ́ ni. Ó ní òun kò lè gbé ẹsẹ̀, èmi ni mo dìde, èmi ni mo ṣí i. A ti jiyàn lórí rẹ̀ títí tí ó fi rẹ̀ wá. Ó dà bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń fi ọlá náà jin ẹnì kejì, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó mú un gbà pé alààyè ni, ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà rí: "Òkú kì í tijú. Ojú ń ti ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

Ó ti rù. Kókósẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń run èéfín àti epo lọ́rí akẹ́rù. Ìyá Abúlé Òkúta tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹsẹ̀ náà títí tí àbúrò rẹ̀ fi pariwo ìrora, nígbà náà ni ó tó bú sẹ́kún. "Ẹran ara ni," ni ó ń wí. "Ẹran ara ni, ó ń dùn ún."

Ìtàn náà kò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ́ńjìnì yẹ̀ kúrò lójú irin, bàbá mi ṣe ohun tí iṣẹ́ gáàdì ní kí ó ṣe. Gáàdì kì í sáré lọ síwájú láti wo ẹni tó kú. Ẹ̀yìn ni yóò padà sí, pẹ̀lú àsíá pupa, kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá kọlu èyí tó dúró. Yóò rìn jìnnà, yóò sì so àwo tín-ínrín kan tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ mọ́ irin, èyí tí yóò dún gbàù bí ọkọ̀ bá gùn ún, kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lè dúró. Ó ti so ọ̀kan. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń so èkejì, nígbà tí òkè wúkọ́. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, àpáta ti dí ọ̀nà láàárín òun àti ọkọ̀ rẹ̀, wágọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Wáyà tẹlifóònù ti bá òkè lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn àpáta náà ni ohùn kan ti wá. "Gáàdì! Gáàdì o!"

"Ohùn ta ni?" ni ìyá mi béèrè.

"N kò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ mi kì í pè mí bẹ́ẹ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ wá ńkọ́?"

"N kò dáhùn."

Ó ní òun kò lè sọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Ó lè jẹ́ òfin Ọ̀fun, pé a kì í pariwo níbẹ̀ nígbà òjò kí òkè má baà tún já. Ó lè jẹ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé ní oko, pé ohùn tí kò ní ojú, a kì í jẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì jọ dì í lẹ́nu mú, kò sì mọ èyí tó le jù. Ohùn náà ń pè, ó ń pè, lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Bàbá mi dúró ti àsíá rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan tó wá láti ẹ̀yìn. Ó wá ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣubú, àwọn àgbẹ̀ kan gbé e, ibà mú un nílé wọn. Lọ́rí akẹ́rù ló padà gbé e sún mọ́ ilé, láti ìlú dé ìlú.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dì mọ́ra, bàbá mi bi í ní ohun kan ṣoṣo.

"Àwọn tó wà nínú ẹ́ńjìnì, ṣé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kú?"

"Rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni. Wọn kò lè sọ gbólóhùn kan."

Mo rò pé èyí yóò tù ú nínú. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Ta ló wá pè mí?"

Ọkùnrin náà yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní bóyá ẹnì kan ti gun orí ẹrù òwú nínú wágọ́ọ̀nù láìsan owó ọkọ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe láyé ọ̀wọ́n yìí. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó máa wá a. Ìyá Abúlé Òkúta ní òkè ni, òkè ló fẹ́ mú àbúrò òun. Bàbá mi ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé bí ó bá jẹ́ òkè, ó ṣe ohun tó tọ́. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, ó fi í sílẹ̀. Ẹnì kan kò sì sí láyé tó lè sọ fún un.

Láti ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Bí ìyàwó atẹ̀wé bá pe ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bàbá mi a ní "Mò ń bọ̀." Bí onímọ́ínmọ́ín bá ń polówó lójú títì, á dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣàkíyèsí. Ọmọdé kì í ṣàánú. Wọ́n a sá sẹ́yìn ògiri, wọ́n a ké pé "Gáàdì! Gáàdì o!" òun a sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, a máa yí ilé po nínú òjò, a máa wí pé, "Mo gbọ́ o, níbo lo wà?" Wọ́n a rẹ́rìn-ín títí tí ikùn wọn yóò fi máa dùn wọ́n. Ó tún mú omi àti ọ̀bẹ, ó lọ ha pósítà rẹ̀ kúrò lára ògiri ní Fádèyí. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ti fi lẹ́ẹ̀ púpọ̀ lẹ̀ ẹ́, ojú kan kò ṣí kúrò lára ògiri. Ó wà níbẹ̀ pẹ́.

"Ọkọ mi kò tíì dé," ni ìyá mi sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń di ìwé. "Ìdajì rẹ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn fún."

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ti kó àpáta kúrò lójú irin, tí rélùwéè sì pe bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ni kò fẹ́ lọ, ìyá mi ló ní kí ó lọ. Ìyá Abúlé Òkúta bínú gidigidi.

"Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé o fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ibí yìí ló wà?"

Ó lọ nígbà ọyẹ́, nígbà tí àpáta gbẹ. Ìyá mi ń di ìwé ní gbogbo àkókò náà bí ẹni tí ń sá fún nǹkan. Ó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ìwé àwọn onílé ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bàbá mi padà dé. Ìyá mi gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ awakọ̀ kí ó dúró ní Ọ̀fun. Mo sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ wá ńkọ́?"

"Mo dáhùn. Mo pariwo ńlá. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún mi pé n óò já òkè lé wa lórí."

"Òkúta kankan já?"

"Rárá." Ó jókòó sórí àga. "Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún fi dáhùn lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá mi bu omi fún un láti fọ ọwọ́. Ó sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń jẹun, ohùn kan ké láti ẹ̀yìn ògiri: "Gáàdì! Gáàdì o!" Bàbá mi gbé orí sókè. Ó gé òkèlè, ó ń jẹun lọ. Ìyá mi wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀, a ń retí ẹ̀rín àwọn ọmọ náà. N kò rántí pé mo gbọ́ ẹ̀rín kankan. Ìyá mi ní òun gbọ́ ọ.